Kí ni kí a fi fọ abẹ tọ́báìnì: corindon, hóró gíláàsì, tàbí èèpo ẹkùrọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Jórinjórin ni mí ní Ṣábẹ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ńlá kan àti àgbá sablage, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n yanrìn, tí a fi ń họ ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára ṣaásí ọkọ̀ akẹ́rù àti géètì. Yanrìn odò tí a fi asẹ́ jọ̀ la ń lò. Ọ̀gá kan ra tọ́báìnì oru àlòkù, ìyẹn ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń yí láti fún wa níná, ó sì kó abẹ rẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wá pé kí n fọ̀ wọ́n mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èérí dúdú àti funfun tó le bí òkúta ló wà lára wọn. Ẹnìkan ní corindon, ìyẹn hóró òkúta líle kan, ló dára jù, ẹlòmíràn ní hóró gíláàsì, bàbá kan ní kí n lọ èèpo ẹkùrọ́. Èwo ni kí n rà? Àbí kí n máa lo yanrìn wa náà, kí n kàn dín agbára afẹ́fẹ́ kù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó gbé ẹrù ọ̀gá náà síwájú afẹ́fẹ́. Géètì tí yanrìn bá jẹ lójú, ọ̀dà ni yóò bo àṣírí rẹ̀. Abẹ tọ́báìnì kò ní ọ̀dà tí yóò bò ó. Bí o bá ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò ṣe wọ inú ẹ̀rọ lọ, tí yóò máa yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ojú rẹ̀ bá rí págunpàgun, oru kò ní ráyè ṣàn geere lórí rẹ̀, agbára tó yẹ kó di iná mànàmáná á sì ṣòfò. Bí o bá gé e jìn níbì kan, ibẹ̀ ni irin lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Yanrìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí kò sí àbí-bẹ́ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Má lò ó. Mi ò sọ pé má lò ó fún tọ́báìnì nìkan. Fún ṣaásí àti géètì náà, jọ̀wọ́ jáwọ́ ńbẹ̀.

Sílíkà ló pọ̀ jù nínú yanrìn odò. Bí hóró rẹ̀ bá gbá irin, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, eruku tí ojú kò rí ló sì ń ṣe jàǹbá jù. Èyí tó tóbi, imú àti ọ̀nà ọ̀fun á dá a dúró. Èyí tí kò tó máíkírọ́ọ̀nù 10 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan) lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró á máa dá àpá yí i ká, àpá á máa le sí i, èémí ẹni náà á máa kúrú, kódà lẹ́yìn tó bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Silicosis ni wọ́n ń pe àrùn yìí. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, ó sì máa ń jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè mú ẹni tó bá ní in. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin lé yanrìn sílíkà kúrò nínú iṣẹ́ fífi afẹ́fẹ́ fọ irin láti 1949. Ní 1969, Faransé ka hóró tí sílíkà inú rẹ̀ bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ léèwọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1997, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ìyẹn IARC, ka eruku sílíkà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn.

Dídín agbára afẹ́fẹ́ kù kò yí èyí padà. Aṣọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dì mọ́ imú kò dá irú eruku bẹ́ẹ̀ dúró. Ní Àjàṣẹ́ níbí, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gèlè ìyá wọn lójú, tí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ sì wà ní ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́. Ó ń dùn mí gan-an. Àwọn ọmọ méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ, ìyá wọn fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ṣẹ́ ni.

Ó yá, kí a wá sórí irin. Àwọn tó ń ta hóró ní Kùtọnu yóò máa sọ fún ọ bí tiwọn ṣe ń jẹ irin tó. Ìyẹn kọ́ lò ń wá. Hóró tí yóò bọ́ èérí, tí yóò sì fi irin sílẹ̀, lò ń wá. Nítorí náà, nínú gbogbo hóró tó bá lè bọ́ èérí náà, èyí tó rọra ṣe é jù lọ ni kí o mú. O kò sì lè mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ irin tó wà níwájú rẹ àti èérí tó wà lára rẹ̀.

Irin tí kírómíọ̀mù inú rẹ̀ tó ìdá 12 nínú 100 ni wọ́n sábà fi ń ṣe abẹ tọ́báìnì oru. Irin inox, tí kì í tètè dógùn-ún, ni lóòótọ́, síbẹ̀ òòfà máa ń mú un. Gbé òòfà sára abẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú irin yẹn. Bí kò bá lẹ̀ rárá, dá ọwọ́ dúró kí o sì béèrè: ó lè jẹ́ títáníọ̀mù, tí wọ́n máa ń lò fún ìlà abẹ tó gùn jù nínú àwọn tọ́báìnì ńlá kan, tàbí irin níkẹ́ẹ̀lì, tó wọ́pọ̀ nínú tọ́báìnì gáàsì, èyí tí gáàsì gbígbóná láti inú iná ń yí dípò oru. Tún fi ìka ra etí iwájú àwọn abẹ tó gùn jù. Bí o bá rí pèlébé irin mìíràn tí wọ́n jó mọ́ ibẹ̀, wọ́n fi í síbẹ̀ kí ìkán omi má baà jẹ abẹ ni, irin kóbọ́ọ̀tì ló sì sábà máa ń jẹ́. Ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn máa ń ní fàdákà nínú, ó sì rọ̀ ju irin méjèèjì lọ. Bo ojú ìlẹ̀mọ́ náà, má jẹ́ kí hóró kàn án.

Èérí ńkọ́? Họ díẹ̀ nínú ti dúdú àti ti funfun sínú ife méjì. Dúdú tí òòfà bá ń fà, ìpẹtà dúdú tí oru gbígbóná ń sọ irin dà ni. Da omi gbígbóná sórí ti funfun, rò ó, fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó bá yọ́ nínú rẹ̀, iyọ̀ sódíọ̀mù láti inú omi bọ́ílà ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó bá kù sísàlẹ̀ tí kò yọ́, fura sí sílíkà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ mọ ìrèké, nítorí náà èyí yóò yé ọ: bí tọ́báìnì náà bá ti ilé iṣẹ́ ṣúgà kan wá, níbikíbi tí ì báà jẹ́, ṣúgà tó bá jò sínú omi tó ń padà sí bọ́ílà máa ń mú kí omi náà hó yọ ìfófòó, oru á sì gbé omi ìdọ̀tí náà lọ gbẹ mọ́ abẹ. Irú èérí bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń nípọn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi ni pé ó lè bá ọ ṣe apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà kí o tó tan kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Rẹ àwọn abẹ náà sínú omi gbígbóná mímọ́, máa pààrọ̀ rẹ̀ títí tí omi kò fi ní dà bí wàrà mọ́. Omi òjò tó mọ́ dára ju omi kànga lọ, torí iyọ̀ inú omi kànga lè jókòó sínú ihò kéékèèké lára irin kírómíọ̀mù, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Gbẹ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Èérí tí omi bá ti mú lọ, hóró kò ní wá a mọ́.

Ohun kan wà tí àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ gan-an lè ṣàì mọ̀. Bí o bá rí èérí oníyẹ́lò lára àwọn bóòtù tó ti wà níbi gbígbóná, má fi hóró gbígbẹ kàn án, má sì fi ọwọ́ lásán kó o. Kírómíọ̀mù tó ti yí padà sí oríṣi tó ní májèlé ló lè jẹ́, òun náà sì ń fa jẹjẹrẹ. Ya àwọn bóòtù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, kí ọ̀gá náà gbé wọn fún àwọn tó ní ohun èlò rẹ̀.

Fún irin kírómíọ̀mù tí èérí dúdú àti funfun wà lára rẹ̀, corindon funfun ni mo yàn fún ọ, kì í sì í ṣe èyíkéyìí. Lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, tó parí sí 10, corindon jẹ́ 9, sílíkà jẹ́ 7, gíláàsì kò ju 6 lọ. Ohun tó le tó báyìí lè ba abẹ jẹ́ kí o tó ṣẹ́jú, àfi kí hóró rẹ̀ kúnná. Nọ́ńbà 220 ni kí o rà. Hóró rẹ̀ wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 53 sí 75. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni hóró ṣe ń tóbi sí: nọ́ńbà 60 tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 250, irin tí wọ́n fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí págunpàgun kí ìbora lè dì mọ́ ọn ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Hóró tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì rẹ̀ ń wúwo tó o ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ń sáré bákan náà, ìlọ́po mẹ́jọ náà ni agbára tí yóò fi gbá irin. Nítorí èyí, bí o bá tẹjú mọ́ orúkọ hóró tí o gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀, o kò tíì yan nǹkan kan.

Kí àgbá tí o máa rọ ọ́ sí mọ́ tónítóní. Hóró tó ti fọ irin lásán rí máa ń gbé èérún irin kiri, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú irin inox, ibẹ̀ á sì dógùn-ún. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni hóró irin tí wọ́n ń fi fọ afárá àti àgbá epo kò ṣe yẹ níbí, ohun yòówù kí owó rẹ̀ jẹ́.

Hóró gíláàsì, tí wọ́n máa ń kọ microbilles sára àpò rẹ̀, ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù, torí pé ó lẹ́wà. Róbótó ni. Kì í gé irin, ńṣe ló ń lù ú, ojú irin á sì máa dán yẹ́ríyẹ́rí, inú oníbàárà á dùn. Tọ́báìnì àlòkù sì rèé, a kò mọ ìyà tó ti jẹ níbi tó ti ń bọ̀. Bí ìsán tín-ín-rín bá wà nítòsí gbòǹgbò abẹ kan, lílù yẹn lè pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tí wọ́n bá wá da ọ̀dà pupa ressuage sí i láti wá ìsán, ọ̀dà kò ní ráyè wọlé, wọn yóò sì ní abẹ náà dára. Ó di ìgbà tó bá ń yí kí ó tó já. Abẹ kan ṣoṣo tó bá já nínú tọ́báìnì tó ń sáré lè gé gbogbo abẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá dúró nítòsí sì wà nínú ewu. Nítorí náà, fi corindon wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, jẹ́ kí wọ́n yẹ ìsán wò. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀gá bá fẹ́ kó dán, ẹ lè sọ̀rọ̀ gíláàsì. Fún irin tí òòfà ń mú, àyẹ̀wò olóòfà tiẹ̀ dára ju ti ọ̀dà pupa lọ. Ní kí ọ̀gá náà béèrè fún un.

Bàbá tó dárúkọ èèpo ẹkùrọ́ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi èèpo líle, ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, kódà ìrẹsì, fọ àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èèpo wọ́línọ́ọ̀tì òkè òkun, tí kì í ṣe awùsá tiwa, ni wọ́n máa ń jù sẹ́nu tọ́báìnì gáàsì bó ṣe ń yí lọ́wọ́, kó lè họ ìdọ̀tí kúrò lára abẹ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá dín in kù nígbà tí abẹ olóhò tín-ín-rín àti abẹ oníbora dé, torí èèpo ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ìtutù ń gbà jáde. Irú hóró yìí rọ̀, ó lè bọ́ èédú àti ọ̀rá gbígbẹ láìfọwọ́ kan irin. Ṣùgbọ́n sílíkà àti ìpẹtà dúdú yóò kàn máa wò ó ni. Bí o bá ní ilé ẹ̀rọ tí epo ti gbẹ mọ́ lára, lo èèpo ẹkùrọ́ níbẹ̀: kí o fi omi gbígbóná bọ́ epo rẹ̀, sá a gbẹ, kí o lọ̀ ọ́, kí o jọ̀ ọ́ títí tí ìyẹ̀fun fi tán nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn lè gbaná lójijì nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí iná ìjórin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, èyí tí ó ṣòro díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin.

Àwọn tó kù, kíákíá. Bíkábónéètì rọ̀ gan-an, ó sì ń yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló ń fi sílẹ̀, má sì jẹ́ kó dé ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú iná tọ́báìnì gáàsì: sódíọ̀mù àti sọ́fọ̀ máa ń jùmọ̀ jẹ irin níkẹ́ẹ̀lì nínú ooru. Yìnyín gbígbẹ, ìyẹn gáàsì kábónì-dáyọ́sáìdì tó dì, tó tutù dé ìwọ̀n -78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, ó dára fún ẹ̀rọ iná, àmọ́ kò ní bọ́ sílíkà líle, gáàsì rẹ̀ sì lè fún èèyàn pa nínú yàrá tó há. Garnet, òkúta líle mìíràn tí wọ́n ń fọ́ sí hóró, dára fún iṣẹ́ ṣaásí rẹ, òun gan-an ni mo fẹ́ kó rọ́pò yanrìn lọ́dọ̀ rẹ. Ní kí ẹni tó ń tà á fún ọ ní ìwé ààbò rẹ̀, kí o wo iye sílíkà tó kọ síbẹ̀.

Bí o ṣe máa dì í mú ṣe pàtàkì tó ohun tí o rà. Bẹ̀rẹ̀ ní bar 2, má sì kọjá 3, èyí tí àwọn tó ń fẹ́ táyà ń pè ní kílò mẹ́ta. Fi ẹnu páìpù jìnnà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Má dá a dúró lójú kan. Ní ti ìdagun rẹ̀, ìyẹn bí páìpù ṣe dà sí ojú irin, tí tààrà pátápátá jẹ́ 90: èérí líle ń fọ́ bí a bá lù ú tààrà, bí ìkòkò amọ̀, ṣùgbọ́n irin kì í fọ́. Ìgbà tí hóró bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá irin, ní nǹkan bíi ìdagun 20 sí 30, ló máa ń fá a jù. Nítorí náà, má fi páìpù sùn sórí abẹ. Mú un dúró, kó sún mọ́ tààrà láìjẹ́ tààrà pátápátá, nǹkan bíi 60 sí 75, torí tààrà pátápátá ń tẹ hóró bọ inú irin. Ibi etí ẹ̀yìn abẹ, tó tín-ín-rín jù, ni kí ọwọ́ rẹ ti yá jù.

Afẹ́fẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ gbẹ, kó má sì ní epo. Fẹ́ ẹ sí aṣọ funfun fún ìṣẹ́jú kan. Bí aṣọ bá tutù tàbí tó pọ́n, tún asẹ́ afẹ́fẹ́ ṣe. Ẹnu páìpù tó fẹ̀ ní mílímítà 6 ń gba afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá wà ní bar 7, ó sì tó ìdajì rẹ̀ ní bar 3. Bí tìrẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, lo ẹnu tó kéré. Má fa afẹ́fẹ́ inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn sí imú ẹnikẹ́ni láìsí asẹ́ tó yẹ, torí epo tó bá jó nínú rẹ̀ lè sọ gáàsì olóró sínú rẹ̀. Ẹ kọ́ àpótí onígíláàsì tí ọwọ́ ń gba ihò wọlé, kí ẹ sì fi fáànù tó ní asẹ́ fa eruku rẹ̀ jáde. Abẹ kéékèèké yóò wọ inú rẹ̀ dáadáa, eruku á sì dúró síbẹ̀. Corindon kò ní sílíkà tó ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n èérí funfun tí ò ń bọ́ lè ní in, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lo ìbòjú tó ní asẹ́ gidi.

Kí o tó fọ ọ̀kan, kọ nọ́ńbà sára tíkẹ́ẹ̀tì, so ó mọ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè padà sí ààyè rẹ̀. Fi máíkírómítà wọn etí abẹ kan, fọ̀ ọ́, tún un wọn. Bí ìwọ̀n bá ti yí padà, o ti ń jẹ irin, dín agbára kù. Ojú ibi tí ọ̀pá ti ń jókòó sínú bẹ́ríǹgì, bẹ́ríǹgì fúnra rẹ̀, àti eyín tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí oru jò, má fọ́n nǹkan kan sí wọn. Aṣọ, ọtí ìfọ̀ àti ọwọ́ ni tiwọn. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá wá pẹ̀lú abẹ lórí, sọ fún wọn pé hóró yóò wọ gbogbo àlàfo, pé o gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ jáde pátápátá, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba ìwúwo ọ̀pá náà lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó dá a padà.

Bí ó bá jẹ́ abẹ tọ́báìnì gáàsì tó ní ihò tàbí ìbora ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ mìíràn, má gbà á, kì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ tọ́báìnì omi, irú èyí tó wà ní Nangbéto lórí odò Mono tó ń fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò níná láti 1987, nípọn, ó sì lè fara da hóró tó tóbi ju èyí lọ.

Ní ti ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá náà dá fún ọ, béèrè fún méjì. Rírẹ nínú omi ń gba àkókò, abẹ ìdánwò ń gba àkókò, àyẹ̀wò ìsán sì gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹnikẹ́ni tó san owó tó kù. Kọ ohun tí o lò sílẹ̀ fún un: orúkọ hóró, nọ́ńbà rẹ̀, bar mélòó. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò yóò nílò rẹ̀.

Yanrìn tí o ti kó jọ tí o kò tíì lò, tà á fún àwọn bíríkìlà. Èyí tí o ti fi họ ọ̀dà ọkọ̀ ni kí o má tà, torí ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé. Wọ́n omi sí i kí eruku rẹ̀ má dìde, kó o sínú àpò tó nípọn, kí o sì gbé e sí ibi tí àwọn ọmọdé kò ti lè fi ṣeré.